Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ BÁTÌRÌ ỌKỌ̀: BÍ ÈYÍ TÍ OWÓ RẸ̀ KÒ PỌ̀ TI Ń PẸ́ TÓ, ÀTI ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A PÀÀRỌ̀ RẸ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa sọ)

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, ohun tí ó rò ni pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni a ó sọ, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni a fi ń jẹun láti ìgbà tí a ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Nígbà tí a sọ fún un pé bátìrì ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a ti di rewáyà ni. A kò bínú sí i. A kò di rewáyà, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa tí ó mú kí a fi ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan sínú ọkọ̀ wa, kí a sì máa bi àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí a rí kọ sínú ìwé náà ni a gbé wá fún yín lónìí.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, nígbà tí agogo 2 ti kọjá díẹ̀, aládùúgbò wa kan wá gbá ilẹ̀kùn wa. Ara ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 3, ń gbóná bí iná, gìrì sì ti mú un lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ wa ni ó sún mọ́ wọn jù. A wọ ẹ̀wù, a bọ́ sínú ọkọ̀, a yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí a gbọ́ kò ju ta-ta-ta lọ, bí ẹni tí ń fi èékánná ta agolo. A tún yí i. Àní ta-ta-ta náà kò dún mọ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò jáde síta, wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn ti ọkọ̀ náà. Wọ́n tì í láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n làágùn, ṣùgbọ́n lásán ni, nítorí ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ ni tiwa, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í jí bí a bá tì í. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń wa irú rẹ̀ lónìí tí a kò tilẹ̀ mọ èyí. Ìṣẹ́jú 40 kọjá kí a tó rí ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí ó sì ní wáyà tí a fi so bátìrì tirẹ̀ mọ́ tiwa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà yè. Ó ti ń lọ sí ilé-ìwé báyìí, ó sì máa ń kí wa ní òwúrọ̀ bí ó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ wa ní òru ọjọ́ náà fún ìṣẹ́jú 40, ó gbé ọmọ lé itan, kò sọ̀rọ̀ kankan sí wa. Ó sàn kí ó bú wa.

Bátìrì tí ó dá wa dúró ní òru náà, oṣù 17 ni ó lò. Èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni. Ohun tí ó sì dùn wá jù ni pé, nígbà tí a jókòó tí a rò ó wò, ó ti ń kìlọ̀ fún wa fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àwa gbọ́ ogun náà, ẹsẹ̀ wa sì pé, síbẹ̀ a kò sá.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú bátìrì. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1859, èyí tí a sì ń lò lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Yàrá 6 ni ó wà nínú àpótí náà. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn àwo òjé pẹlẹbẹ ni a tò tí wọ́n dojú kọ ara wọn, a sì bu omi ásíìdì sí wọn lára. Yàrá kan ń mú agbára tí ó lé díẹ̀ ní fólítì 2 wá; nígbà tí 6 bá parapọ̀, a ní fólítì 12 àti ìdá díẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà àtijọ́, tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń fi irin yí ẹ̀rọ níwájú títí yóò fi jí, tí irin náà sì lè ta padà kí ó ṣẹ́ ẹ lápá. Ọdún 1912 ni ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ tí bátìrì ń jí ẹ̀rọ rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni apá àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń sinmi díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà náà ni àpótí kan ti di ọ̀gá lórí gbogbo wa.

Wàyí o, kí ni ó mú kí bátìrì kan wọ́n kí òmíràn má wọ́n? Òjé ni. Òjé ni ó pọ̀ jù nínú ìwúwo bátìrì, òjé ni ó sì ń gba owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta bátìrì ní owó pọ́ọ́kú yóò dín òjé kù: yóò jẹ́ kí àwọn àwo náà fẹ́lẹ́, yóò sì dín iye wọn kù. Àwo tí ó fẹ́lẹ́ lè jí ọkọ̀ dáadáa ní ọjọ́ tí ó bá ṣì jẹ́ tuntun, bóyá kí ó tilẹ̀ ta kíjí ju èyí tí ó nípọn lọ. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni òjé ń yìnrìn kúrò lára àwo, tí ó ń wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ ni yóò sì kọ́kọ́ tán. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀ ní Pánsẹ́kẹ̀ tàbí ní Lafẹ́nwá, tí wọ́n gbé bátìrì méjì síwájú yín, tí a kọ 62 sí ara àwọn méjèèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé wọn. Ìwé ara wọn lè parọ́, ìwúwo kì í parọ́. A ti rí oníṣòwò tí inú rẹ̀ kò dùn nígbà tí a ṣe bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kan wà tí a ń tà ní tuntun tí wọn kì í ṣe tuntun. Òmíràn ti wà lórí pẹpẹ ìsọ̀ fún ọdún kan gbáko, tí oòrùn ọ̀sán ń pa á. Bátìrì tí a kò lò kì í ṣe bátìrì tí ń sinmi. Agbára inú rẹ̀ ń jò lọ díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ funfun kan a sì máa bo àwọn àwo rẹ̀, títí yóò fi le débi pé iná kò ní í lè yọ ọ́ mọ́. Òmíràn ti ṣiṣẹ́ tán ní ìlú òyìnbó kí a tó kó o wá ní tòkúnbọ̀. Òmíràn sì rèé, wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ẹnìkan lórí rẹ̀ ní ìlú yìí kan náà, wọ́n fọ ara rẹ̀, wọ́n sì lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn. Ẹ béèrè ọjọ́ tí a ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara àpótí: nígbà mìíràn oṣù àti ọdún ni yóò hàn gbangba, nígbà mìíràn lẹ́tà kan àti nọ́ḿbà kan ni, tí A jẹ́ oṣù kìíní, B jẹ́ oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí nọ́ḿbà sì jẹ́ ìparí ọdún. Bí ó bá ti lé ní oṣù 6 tí kò sì sí ẹni tí ó fi í sí ṣáájì, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Kí ẹ sì wo ìwé ìdánilójú tí wọ́n fi ń tà á. Èyí tí ẹni tí ó ṣe é bá ní òun yóò pààrọ̀ kìkì bí ó bá bàjẹ́ láàárín oṣù 6, ẹni náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ó ti rò pé yóò pẹ́ tó.

Ìbéèrè tí ẹ ń dúró dè ni pé, oṣù mélòó? Ní àwọn ilẹ̀ tí ó tutù, bátìrì tí ó dára a máa lo ọdún 4 tàbí 5, nígbà mìíràn a lé. Níhìn-ín, èyí tí ó dára gan-an, tí a sì tọ́jú, a máa lo bíi ọdún 3. Ní ti èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, nínú tiwa àti ti àwọn aládùúgbò tí a kọ sílẹ̀, èyí tí ó tètè kú kò pé ọdún kan, èyí tí ó sì pẹ́ jù kò pé ọdún méjì. Oṣù 14 sí 18 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé òkè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ẹ máa ń sọ fún wa pé ní ọ̀dọ̀ yín, òtútù ni ó ń pa bátìrì. Òótọ́ ni pé òwúrọ̀ ọjọ́ tí yìnyín bá bo ilẹ̀ ni bátìrì máa ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òtútù kì í pa á, ó kàn ń tú àṣírí rẹ̀ ni. Ooru ni apani. Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ ni pé, bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i, ìjẹra inú bátìrì a máa yára ní ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ a sì dín kù tó ìdajì. Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, nínú oṣù kejì àti ìkẹta, ọ̀sán a máa gbóná ju ìwọ̀n 33 lọ, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí ó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Kútọ̀ sì gbóná ju ìta lọ jìnnà. Nítorí náà, bí ẹ bá ra bátìrì sí ọkọ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ fún ìyá yín, ẹ má ṣe fi oṣù ilẹ̀ yín kà á.

Àwọn kan yóò sọ pé, nígbà náà, kí olúkúlùkù lọ ra èyí tí ó wọ́n. Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni wá, a mọ ohun tí oṣù ń gbé wá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Àpẹẹrẹ ni o, nítorí iye owó ń yí padà bí ọjọ́. Bí èyí tí ó dára bá jẹ́ ₦120,000 tí ó sì lo oṣù 36, owó oṣù kan jẹ́ ₦3,333. Bí èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ bá jẹ́ ₦60,000 tí ó lo oṣù 14, owó oṣù kan jẹ́ ₦4,286. Olówó pọ́ọ́kú ti wá wọ́n ju ọlọ́wọ̀n-ún lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo oṣù 18, àwọn méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí kò ní ₦120,000 lọ́wọ́ kò dẹ́ṣẹ̀ kankan bí ó bá ra èyí tí agbára rẹ̀ ká. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni pé, kò ra ọdún 3, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó rà, kí ó sì máa tọ́jú owó òmíràn pamọ́ láti ọjọ́ tí ó ti rà á. Àṣìṣe wa ní òru ọjọ́ náà kì í ṣe pé a ra bátìrì tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Àṣìṣe wa ni pé a rà á, a sì gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá ra bátìrì, kí ẹ mú gègé tí inki rẹ̀ kì í parẹ́, kí ẹ kọ oṣù àti ọdún sí orí rẹ̀ gàdàgbà gadagba. Mẹkáníìkì lè yí padà, awakọ̀ lè yí padà, ìwé rírà lè sọnù. Ohun tí a kọ sí orí bátìrì yóò wà níbẹ̀. Bí olówó pọ́ọ́kú bá pé oṣù 12, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Bí ó bá pé 18, àwa kò ní dúró mọ́, bí ó tilẹ̀ ń jí ọkọ̀, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí ìdílé gbẹ́kẹ̀ lé lóru.

Yíyẹ̀ wò náà kò ṣòro. Mítà kékeré tí ń ka fólítì kò wọ́n. Kí ọkọ̀ sùn mọ́jú láìjí i, kí ẹ sì fi mítà kan orí bátìrì méjèèjì kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ó bá ka 12.6, ó kún. Bí ó bá ka 12.4, ó ku bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ó bá ka 12.2, ó ti dé ìdajì. Bí ó bá sì tó 12.0 tàbí kí ó kéré sí i, kò sí ohun púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ má tíì jù ú nù o. Ẹ jí ọkọ̀, kí ẹ tún kà á. Ó yẹ kí ó fò sókè láàárín 13.8 àti 14.5. Bí kò bá fò sókè, bátìrì kọ́ ni olè. Ẹ̀rọ tí ń mú iná wá, tí àwọn rewáyà ń pè ní alternator, tàbí bẹ́líìtì rẹ̀, ni ó bàjẹ́. Ẹ̀yin ará, a mọ ọkùnrin kan ní Oníkòlóbó tí ó ra bátìrì mẹ́ta ní ọdún kan, alternator ni ó ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára ṣùgbọ́n tí agbára ń lọ ní òru, ẹ wádìí rédíò tí a fi kún ọkọ̀, tàbí ẹ̀rọ tí ń pariwo olè. Bí a bá fi bátìrì sí ṣáájì títí ó fi kún, tí a yọ wáyà rẹ̀ kúrò, tí ó sì wálẹ̀ sí 12.2 ní ọjọ́ kejì, ìgbà náà ni kí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Ẹni tí kò ní mítà ní etí àti ojú. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí tiwa fi kìlọ̀, ẹ̀rọ ń fà kí ó tó jí ní òwúrọ̀, bí àgbàlagbà tí ń dìde lórí ẹní. Iná iwájú ń rẹ̀wẹ̀sì bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Fèrè ọkọ̀ há. Ìyẹ̀fun funfun tí ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ wà lórí ibi tí wáyà so mọ́. A tilẹ̀ rí i pé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà wú, a rò pé bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn. Bí ẹ bá rí bátìrì tí ó wú, tàbí tí ó ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́, ẹ má ṣe fi sí ṣáájì rárá, kí ẹ má sì ṣe tan ìṣáná nítòsí rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde lára bátìrì a máa gbaná.

Ìtọ́jú díẹ̀ lè fi oṣù kún oṣù. Èyí tí ó ní ìdérí lórí, omi bátìrì nìkan ni kí ẹ bù sí i bí ó bá lọ sílẹ̀. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ásíìdì, bí ó ti wù kí ẹni tí ń fi í sí ṣáájì fún yín bẹ ẹ̀bẹ̀ tó. Ásíìdì tuntun a máa jẹ́ kí bátìrì tí ń kú ta kíjí fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni yóò jẹ àwọn àwo rẹ̀ tán. Kí ẹ dè é mọ́ ibùjókòó rẹ̀ gírígírí, nítorí kòtò ojú ọ̀nà wa ń gbọn òjé kúrò lára àwo. Kí ẹ má sì ṣe gbé e wọ inú ilé lọ tan iná àti fáànù mọ́jú nígbà tí iná ìjọba bá lọ. A ṣe bátìrì ọkọ̀ láti sáré díẹ̀ kí ó sì sinmi. Bí a bá fà á gbẹ lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó parí.

Ohun kan tún wà tí kò sí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí owó epo ti gòkè ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ mọ́. Ọkọ̀ a wà nílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, a ó wà á dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó tún gbé e sílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó fún bátìrì láti kún padà. Bákan náà ni ti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti òkè òkun ní oṣù kejìlá, tí ẹ fi ọkọ̀ sí àgbàlá títí di ọdún kejì, tí ẹ sì ń bú ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé pé ó ba bátìrì jẹ́. Ẹ fi owó epo sílẹ̀ fún un, kí ó lè wà á fún ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó wà á, kí a yọ wáyà òdì kúrò lórí bátìrì kí ẹ tó lọ. Jíjí ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kan náà, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, kò tó láti mú kí bátìrì kún padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè ṣàì sọ, nítorí a ti rí i ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé kan ní àdúgbò wa: bátìrì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó ti kú, tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Òjé kì í rà. Ó ń wọ inú erùpẹ̀, erùpẹ̀ ń wọ ọwọ́ ọmọ, ọwọ́ ọmọ ń wọ ẹnu. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè pè ní èyí tí kò léwu, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Senegal, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì àtijọ́ láti wá òjé, ọmọ 18 ni ó kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008. Kí a má sì rò pé ọ̀nà jìn. Ní Ògíjo, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé bátìrì, àwọn oníròyìn jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2025: nínú mẹ́wàá, méje ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti pọ̀ débi ìpalára. Olùkọ́ ni wá. Nígbà tí a kà á, àwọn ọmọ tí a máa ń nà tẹ́lẹ̀ nítorí pé ìwé kò yé wọn ni ó wá sí wa lọ́kàn.

Ọjọ́ tí ẹ bá ra tuntun, ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó tà á, yóò sì yọ nǹkan kúrò nínú owó fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ fún àwọn tí ń kiri pẹ̀lú ọmọlanke, ẹ rí i dájú pé wọn kò fọ́ ọ sí àdúgbò, kí wọ́n má sì da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà. Ẹ má ṣe fún ẹni tí ń yọ́ òjé nínú agolo nínú àgbàlá, ì báà jẹ́ fún ọta ìbọn, ì báà jẹ́ fún àwọ̀n ẹja. Kí ẹ sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun.

Kí a tó jókòó, Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ tí a fi ń gbé aláìsàn lóru, a gba àyè lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀ àná. Bátìrì inú rẹ̀ ti lo oṣù 20, olówó pọ́ọ́kú ni, ó sì ka 12.2 lẹ́yìn tí ó sùn mọ́jú. Alternator rẹ̀ dára, 14.1 ni ó mú wá. A ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, a sì ti fi ìwé náà lé akápò lọ́wọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń bẹ nínú àpò rẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.